Ojúbọ Ògún ní Ìrè: Kí Ni Ìtàn Rẹ̀ Lè Jẹ́rìí Sí?

Láti Ìfàkì, ọ̀nà Ọ̀yẹ́ ni èèyàn ń gbà lọ sí Ìrè, ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ tí kò tóbi, ṣùgbọ́n tí òkìkí rẹ̀ ti rin ìrìn tí ọ̀pọ̀ olú ìlú kò rìn. Ọdẹ tó ń sun ìjálá lápá Ọ̀yọ́ mọ orúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó débẹ̀ rí. Ìyálórìṣà ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, ń pè é bó bá ń kí Ògún. Ojúbọ Ògún tó wà níbẹ̀ ló fà á, pẹ̀lú ìtàn tó rọ̀ mọ́ ọn: Ògún dé, inú bí i, ó pa àwọn èèyàn rẹ̀, ó wọlẹ̀. Àwọn kan gba ìtàn náà bí ẹní gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn kan ní àlọ́ lásán ni. Mi ò sí lẹ́yìn ìhà kankan nínú méjèèjì. Èrò tèmi ni pé ìtàn Ìrè kò lè sọ ibi tí Ògún ti wá fún wa, tàbí ẹni tó kọ́kọ́ rọ irin, kò sì díbọ́n pé òun lè sọ ọ́. Ohun tó pa mọ́ ni bí agbára ọba ṣe bọ́ sọ́wọ́ àjèjì kan ní ìlú yẹn, bí àjèjì náà ṣe ṣẹ ìlú, àti ohun tí wọ́n fi parí ìjà. Ibi tí ìtàn náà ti dójú ti àwọn tó ń sọ ọ́ gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀ ti lágbára jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Jagunjagun ni Ògún, wọ́n ní ọmọ Odùduwà ni. Ó dé Ìrè, ó fi ọmọ rẹ̀ jọba níbẹ̀, ó sì tún gba ojú ogun lọ. Ọdún gorí ọdún. Lọ́jọ́ tó padà dé, ebi ń pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì bá àwọn ará ìlú níbi tí wọ́n péjọ sí. Àjọ Oríkì ni àwọn kan ń pe ìpàdé ọ̀hún. Èèwọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kíni, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó bá kí i. Ògún kò mọ̀, tàbí ó ti gbàgbé. Ó kí wọn, wọ́n dákẹ́. Ó béèrè ẹmu, wọ́n ń wò ó. Akèrègbè tò sílẹ̀ níwájú wọn, gbogbo wọn dúró ṣánṣán bí ẹni pé ẹmu kún wọn dé ẹnu. Ó gbé ọ̀kan, òfìfo. Ó gbé èkejì, òfìfo. Ẹni tó bá mọ bí Yorùbá ṣe ń gbàlejò yóò mọ ohun tí èyí máa jọ lójú ẹni tó ti ogun dé sí ìlú tí ọmọ rẹ̀ ti ń jọba. Ó yọ idà. Ìgbà tí àsìkò ìdákẹ́jẹ́ parí ni ọmọ rẹ̀ tó gbé ajá, ìgbín, ẹ̀wà elépo àti ẹmu wá bẹ̀ ẹ́, tó wá ṣàlàyé èèwọ̀ ọjọ́ náà fún un. Àbámọ̀ mú Ògún. Ó ní òun ti lo ayé tó, ó fi ṣóńṣó idà kanlẹ̀, ilẹ̀ lanu, ó wọlé sí i.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yìí nìkan kọ́ ló wà. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fi Bahia ṣe ilé, tó sì rin ilẹ̀ Yorùbá àti Dahomey fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Orixás ní 1981 pé Ògún kó Ìrè ni, ó pa ọba tó bá níbẹ̀, kó tó fi ọmọ ara rẹ̀ sórí oyè, kí òun fúnra rẹ̀ sì máa jẹ́ Onírè. Wole Soyinka gba ọ̀nà mìíràn nínú ewì gígùn tó pè ní Idanre, tó jáde ní 1967. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, àwọn àgbà Ìrè ló lọ bẹ Ògún kó wá jọba lé àwọn lórí. Tìkọ̀tìkọ̀ ló fi gbà. Nígbà tó wá di ojú ogun, ẹmu pa á débi pé kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọmọ ogun tirẹ̀ mọ́, ó sì ń bẹ́ tọ̀tún tòsì. Ẹ̀bi ni wọn kò jọ pín bákan náà. Ìtàn tí a kọ́kọ́ sọ dá ẹ̀bi sí méjì, Ògún kánjú, ìlú sì dákẹ́ jù. Èyí tí Verger gbà sílẹ̀ ti ẹ̀bi sí ọ̀dọ̀ aṣẹ́gun láti ìbẹ̀rẹ̀. Soyinka dá ẹmu lẹ́bi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ìtàn hun, akéwì ni. Nítorí náà mi ò ní pè é ní ẹlẹ́rìí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi lórí ohun tí ìtàn náà ṣì lè gbà láyè. Síbẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta: Ògún kì í ṣe ọmọ bíbí Ìrè, oyè Ìrè gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó sì pa àwọn tó yẹ kó dáàbò bò.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìfẹnukò yẹn. Ìlú tó bá fẹ́ fi òrìṣà ńlá ṣe fáàrí yóò ní ọ̀dọ̀ òun la bí i sí, yóò ní níbí ló ti kọ́kọ́ fẹ́ ẹwìrì, yóò ní àwọn baba wa ló gbé irin fún ayé. Kò sí èyí tó ṣòro láti sọ nínú wọn, ọ̀pọ̀ ìlú ló sì ti sọ irú rẹ̀ nípa òrìṣà tiwọn. Ìrè ń sọ òdìkejì. Gbogbo Yorùbá ló mọ ibi tí oríkì Ògún ti sọ pé Ìrè kì í ṣe ilé rẹ̀, pé ẹmu ló yà á mu níbẹ̀. Èyí tó tún kù ni pé ìtàn tó so ìlú náà mọ́ òrìṣà rẹ̀ jẹ́ ìtàn bí òrìṣà ọ̀hún ṣe pa wọ́n bí ẹran. Ọ̀rọ̀ ìyìn tí ìlú ń sọ nípa ara rẹ̀, ó yẹ ká fura sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń tàbùkù rẹ̀, tí kò sì jáwọ́ nínú sísọ ọ́ láti ìran dé ìran, ó ṣòro láti rí ẹni tí yóò jókòó hùmọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan lè ní àwọn ọ̀tá Ìrè ló fi oríkì yẹn bú wọn. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, Ìrè ti gbà á, ìtàn ojúbọ tiwọn fúnra wọn sì tì í lẹ́yìn: àjèjì ni Ògún, ó yà ni, ó béèrè ẹmu.

Ọ̀rọ̀ adé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun ni mo sì rò pé àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò kọjá jù. Verger gbọ́ pé bí Ògún ṣe gba Ìrè tó yẹn, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dé adé gidi, àkòró, ìyẹn adé kékeré tí kò tó adé ìlẹ̀kẹ̀, ni wọ́n gbà á láyè láti dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kí i ní Aláàkòró. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín adé ìlẹ̀kẹ̀ àti àkòró lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ní 1903, ọ̀rọ̀ bóyá ọba kan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí adé ìlẹ̀kẹ̀ ló mú kí gómìnà òyìnbó ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Olúbùṣe Kìíní láti Ifẹ̀ wá sí Èkó, nígbà tó jẹ́ pé Ọọ̀ni kì í ti ààfin jáde rìn bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Ilẹ̀ Yorùbá kì í fi adé ṣeré. Bí ìtàn bá sọ pé ẹnì kan fi idà gba ìlú, tó jọba, tó fi ọmọ jọba, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní àkòró ló tọ́ sí i, ohun tí mo ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni ìdájọ́ àwọn tó ní ìlú: o lágbára lórí wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n o kò sí nínú ìdílé tí adé tọ́ sí. Ìtàn àròsọ lórí òrìṣà kò nílò irú ìdájọ́ yìí, ohun tó ti ìjà oyè wá ló jọ.

Àtakò tó wúwo jù sí èrò yìí wá láti Ifẹ̀. Ìtàn Ọ̀rányàn níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Ògún dọ́gba. Òun náà jagunjagun, òun náà ní òun yóò máa wá gba ìlú bí wọ́n bá pe òun. Wọ́n pè é láìnídìí, ó jáde, ó ń pa àwọn èèyàn tirẹ̀ kó tó mọ̀ pé àṣìṣe ni; ó fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀, kò sì tún jáde mọ́. Ọ̀pá Ọ̀rányàn ṣì wà ní Ifẹ̀ dòní, òkúta tó ga ju mítà márùn-ún lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Ṣé kì í ṣe ìtàn kan náà ló ń káàkiri, tí Ìrè kàn fi orúkọ Ògún sí i? Mo gbà pé ìparí ìtàn Ìrè, ìyẹn idà kíkanlẹ̀ àti wíwọlẹ̀, lè jẹ́ ohun tí wọ́n jọ ń lò. Àṣà bí akọni ṣe ń kúrò láyé ni, Yorùbá kì í fẹ́ sọ pé irú wọn kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àárín ìtàn. Ní Ifẹ̀, ariwo ló fa ìpakúpa, wọ́n pe akọni nígbà tí kò yẹ kí wọ́n pè é. Ní Ìrè, ìdákẹ́jẹ́ ló fà á, akọni pè wọ́n, wọn kò dáhùn. Ẹni tó yá ìtàn kò ní yí ìdí rẹ̀ sódì bẹ́ẹ̀ láìnídìí. Ìdí tí Ìrè fi sọ ọ́ báyìí, lójú tèmi, ni pé èèwọ̀ ìlú ló dojú kọ àṣẹ aṣẹ́gun: òfin ìbílẹ̀ ní kí ẹnu dákẹ́, ọba tuntun ní kí wọ́n fọhùn. Àwọn ará ìlú pa òfin tiwọn mọ́, wọ́n sì fi orí dí i.

Àtakò kejì ni ti àwọn onímọ̀ irin. Wọ́n ní irin ti pẹ́ ju ọba Yorùbá èyíkéyìí lọ. Ní Taruga, tí kò jìnnà sí Abuja, Bernard Fagg hú ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin jáde nínú ilẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó sì ti lé ní ẹgbàá ọdún tí wọ́n ti ń lò wọ́n. Ògún kò sì mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Gu ni wọ́n ń pè é ní Dahomey, níbi tí Akati Ekplekendo ti fi àlòkù irin òyìnbó rọ ère rẹ̀ ní nǹkan bí 1858 fún Ọba Glèlè; àwọn Faransé kó ère náà lọ, Paris ló wà títí di òní. Kò sí Ìrè nínú ìtàn Gu. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìlú kékeré kan ní Èkìtì ń wá nídìí òrìṣà tó kárí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Ìdáhùn mi ni pé àtakò yìí ń bá ohun tí Ìrè kò sọ jà. Nínú gbogbo bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà, Ògún Ìrè kò rọ nǹkan kan. Kò sí ẹwìrì níbẹ̀, kò sí ọmọ owú, kò sí ẹ̀mú, kò sí èédú. Idà nìkan ló wà, ó sì ti di idà kó tó dé. Ẹ fi wé Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Ògún Ládìn, alágbẹ̀dẹ Odùduwà, tí òkìtì irin ńlá kan tó rí bí omijé sì jẹ́ àmì ojúbọ rẹ̀ ní àgbàlá ààfin. Alágbẹ̀dẹ nìyẹn, ẹni tó ń jókòó ti iná. Ti Ìrè jẹ́ ẹni tó gba irin lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, tó sì fi ń kó ìlú. Sandra Barnes àti Paula Ben-Amos ti jiyàn, nínú ìwé Africa's Ogun tó jáde ní 1989, pé ibi tí ìjọba bá ti ń fi ogun gbòòrò, ní Benin, ní Ọ̀yọ́ àti ní Dahomey, ni bíbọ irin ti ń di ohun ńlá. Ìrè ò tó èyíkéyìí nínú àwọn ìjọba yẹn, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wọn mu láti ìsàlẹ̀: ìtàn àwọn tí wọ́n kó ni, wọn kì í ṣe àwọn tó ń kóni. Òrìṣà irin ti lè wà nílẹ̀ tipẹ́, kí jagunjagun kan tó ń fi irin ṣọlá tó dé sí ìlú náà, kí orúkọ àwọn méjèèjì sì wọnú ara wọn. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí, ọjọ́ orí ìléru Taruga kò di ìtàn Ìrè lọ́wọ́ mọ́.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ìsopọ̀ Ìrè mọ́ Ògún kì í ṣe ohun tí àwọn òǹkọ̀wé àti ilé ìwé tàn kálẹ̀ láìpẹ́? Ìjálá àwọn ọdẹ ni ẹ̀rí kan. Nígbà tí wọ́n bá ń ka Ògún méjèèje, Ògún Alárá àti Ògún Onírè wà nínú wọn, ohun tí oníkálukú sì ń jẹ yàtọ̀: ajá ni ti Alárá, àgbò ni ti Onírè. Oyè Èkìtì ni méjèèjì, ẹni tó bá ti gba Aramọkọ kọjá mọ Alárá. Kí àwọn ọdẹ Ọ̀yọ́, tí kò sí lábẹ́ ọba Èkìtì kankan, máa fi oyè Èkìtì ya Ògún sọ́tọ̀, kò lè jẹ́ pé Èkìtì ló fipá mú wọn. Ẹ̀rí kejì wà lókè òkun. Ní Bahia, Ogum Onirê jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ tí wọ́n ń pe òrìṣà náà nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tibẹ̀. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nagô ni wọ́n pọ̀ jù nínú ọ̀tẹ̀ ẹrú ti 1835 ní Salvador, òfin 1850 ló sì wá ti ilẹ̀kùn kíkó ẹrú wọ Brazil. Àwọn tí wọ́n kó lọ kò ka ìwé ìtàn Yorùbá kankan kí wọ́n tó wọkọ̀. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Bahia àti Èkó lẹ́yìn náà ló gbé orúkọ yẹn lọ, irú wọn sì wà lóòótọ́ ní ìparí ọ̀rúndún 19. Àtakò tó dára ni, ṣùgbọ́n kò pa ẹ̀rí náà: á jẹ́ pé wọ́n ti ń pe Ògún ní Onírè ní Èkó nígbà yẹn, tí òkìkí ìlú Èkìtì kan ti dé etí òkun ṣáájú kí àwọn òǹkọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo òkèèrè díẹ̀. Ní Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí tẹ́ḿpìlì abúlé tí kò ní ìtàn tirẹ̀, bí ọlọ́run ṣe ń rìn lọ tó sì yàn láti dúró síbẹ̀. Wọ́n tún ní ohun tí a kò ní: ògiri òkúta tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ní Uthiramerur, ògiri tẹ́ḿpìlì kan gbé òfin tí wọ́n kọ ní nǹkan bí 920, lásìkò Ọba Parantaka Kìíní, lórí bí abúlé ṣe gbọdọ̀ máa yan ìgbìmọ̀ rẹ̀: wọn á kọ orúkọ sára ewé ọ̀pẹ, wọn á kó o sínú ìkòkò, ọmọdé ni yóò sì mú un. Ó tún sọ ẹni tí kò lè du ipò, títí kan ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ìlú tí kò ṣírò owó tó ná. Àwọn onítàn Íńdíà lè gbé ìtàn ìyanu sí ọ̀tún, kí wọ́n gbé ògiri sí òsì, kí wọ́n fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Àwọn tó ń fojú tín-ín-rín ìtàn Ìrè máa ń ní nítorí pé a kò ní ògiri yẹn, àlọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mi ò gbà. Ògiri náà kò jẹ́rìí sí ìtàn ìyanu kankan. Ohun tó gbé ni àdéhùn, ìyẹn ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí kí ni, àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni oríkì, oyè, èèwọ̀ àti ohun ẹbọ ń gbé fún Ìrè. Ajá, ìgbín, ẹ̀wà elépo àti ẹmu tí ọmọ fi bẹ baba jẹ́ àkọsílẹ̀ ohun ìtánràn, èyí tí ìlú ní láti san àti èyí tí òrìṣà ní láti gbà kó tó fi ìbínú sílẹ̀. Ẹ rántí pé ní kóòtù ìbílẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ fi Bíbélì tàbí Kùránì búra, irin ni wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́. Àdéhùn pẹ̀lú irin ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àríyànjiyàn àwọn onígbàgbọ́, pé òrìṣà ni, kí wọ́n fi sílẹ̀, kò kan ọ̀rọ̀ yìí tó bí wọ́n ṣe rò. Ẹni tí kò bọ Ògún lè béèrè ẹni tó jọba ní Ìrè. Àwọn tó fẹ́ràn ojúbọ náà jù ló ń bà mí lẹ́rù ju wọ́n lọ. Láti ìgbà tí UNESCO ti kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sílẹ̀ ní 2005, ìlú tó ní ojúbọ àtijọ́ ń wá ọ̀nà tí àlejò yóò fi máa wá. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò fẹ́ ìtàn kan ṣoṣo, tó gún, tó dùn, tí akọni inú rẹ̀ kò lẹ́bi. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ yọ kúrò ni ọba tí Ògún pa, lẹ́yìn náà àkòró, lẹ́yìn náà òkú àwọn tó dákẹ́, títí yóò fi ku akọni kan tó dé tó sì di òrìṣà. Àwọn ohun tí wọ́n máa yọ yẹn ni ẹ̀rí tí a ní.

Èrò tí mo gbé kalẹ̀ ṣeé dán wò. Bí wọ́n bá hú ìdàrọ́ tó pọ̀ jáde nílẹ̀ Ìrè, ìdàrọ́ ìléru gidi tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìdílé ọba, a jẹ́ pé mo ti kánjú jù láti gba ẹwìrì kúrò lọ́wọ́ Ògún Ìrè, ìlú náà á sì ní ẹ̀tọ́ tó ju èyí tó ń béèrè lọ. Bí ẹnì kan bá sì ka orúkọ àwọn Onírè láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ dé òní, tí oyè ń tọ ìdílé kan náà láìsí ibi tí ó ti já, tí àwọn ìdílé yòókù ní ìlú sì jẹ́rìí sí i, ọ̀rọ̀ aṣẹ́gun àti àkòró tí mo fi ṣe òpó yóò wó.